Ọkọ̀ Ni Wọ́n Ní Kí N Wá Wò

Ọkọ̀ ni wọ́n ní kí n wá wò,
mo gbé ayùn, mo gbé oda, mo dorí kọ etí ọ̀sà.
Ọmọ tí wọ́n rán sí mi ní, "Bàbá, òkè ni."
Òkè kẹ̀? Ta ní ń so ọkọ̀ mọ́ òkè?

Àṣé mọ́tò ni.
Ẹ̀yìnkùlé Bísíríyù awọnlẹ̀, ní Òkè-Balógun,
lábẹ́ igi fúrúùtù tó ń wọ́ ewé pupa lé e lórí:
Mọ́gáànì, ará Ìlú Ọba,
imú gígùn bíi ti kúta,
ojú iná méjì, ọ̀kan fọ́,
adìẹ ti yé ẹyin márùn-ún sórí ìjókòó.

Àwáwù, ọmọ olóògbé, dúró tì í,
gírísì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ bá mi wo inú ẹ̀. Igi ni egungun ẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Mọ́tò onígi!
Ó ṣí páànù ẹ̀gbẹ́ kan:
òótọ́ ni.
Igi òyìnbó tí n kò mọ orúkọ rẹ̀,
ikán ti gbà á lálejò títí ilé fi di tikán.
Mo fìka tì í, ìka wọlé.

Ṣàkírù mẹkáníìkì ti dé ṣáájú mi.
Ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé ti gan,
ó ti ra ti Tòyótà ní Ládípọ̀. Àwáwù gbà.
Ó ní kí wọ́n má kùn ún ní pupa mọ́,
àwọ̀ ọ̀sà nínú oṣù Agẹmọ ni òun fẹ́.
Ṣàkírù ní, "Àwọ̀ wo nìyẹn?"
Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ní òun yóò gbé sítíá
kúrò lọ́tùn-ún wá sósì, bíi ti gbogbo ayé,
obìnrin náà gbọwọ́ sórí rẹ̀.
"Ẹ fi sílẹ̀.
Ọjọ́ kan péré ni títì yí padà,
bàbá mi ò bá a yí."

Mo la afàrà. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo yá a níná,
mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí a ti í tẹ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹja.
N kò wo ìwé kankan,
egungun tí ikán jẹ kù ni mo fi ṣe ìwọ̀n.

Ìgbà tí mo dé òpó ilẹ̀kùn òsì,
mo bá àlẹ̀mọ́ kan tí kì í ṣe tòyìnbó.
Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni. Oda wà lójú oríkèé rẹ̀.
Ìṣó bàbà mẹ́ta, ẹnu wọn tẹ̀ sósì.
Ta ní ń tẹ ìṣó sósì ní gbogbo Máríìnà Ẹ̀pẹ́
bí kò ṣe ọlọ́wọ́-òsì kan ṣoṣo
tó kọ́ mi níṣẹ́,
tó sì gbá mi létí torí mo fọ̀tún mú òòlù?

Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́tò fún mi rí,
àfi kó bú u:
"Èyí tí kò lè léfòó, kí ni wọ́n ń pè é lọ́kọ̀ sí?"

Mo jókòó sáàárín ewé fúrúùtù.
Àwáwù ní, "Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"
Mo ní kó fún mi lómi.

N kò yọ àlẹ̀mọ́ náà.
Ikán gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò fẹnu kàn án.
Mo so tèmi mọ́ ọn,
mo tẹ ìṣó tèmi sọ́tùn-ún.

Ọjọ́ tó jáde, Tòyótà ń kùn nínú ará Ìlú Ọba,
àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé wa létí omi.
Ẹlẹ́ja kan pariwo pé, "Ẹ wo bàbá yìí,
ó ń wakọ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan!"
Èmi ni, lápá òsì,
níbi tí awakọ̀ ń wà láyé ìsinsìnyí,
kò sí sítíá níwájú mi,
afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ mi lójú,
ọwọ́ mi méjèèjì ń wá àjẹ̀.